Bí Àwọn Tó Dá Ẹgbẹ́ Olórin Sílẹ̀ Bá Kú, Ṣé Ẹgbẹ́ Náà Ni Ó Ṣì Jẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó òkú bàbá yín ní Pobè tàbí ní Sakété, tí ẹ pe ẹgbẹ́ olórin kan tí bàbá yín fẹ́ràn láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ẹ sì san owó, kí ni ẹ rà? Ṣé orúkọ ẹgbẹ́ náà ni, àbí àwọn ènìyàn tí ohùn wọn dùn mọ́ bàbá yín? Ní ọjọ́ ìnáwó, ọkọ̀ dé, àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ kò rí rí ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ yín jẹ?

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní Kútọnu. Wọ́n mú ìlù Sato àti ìlù Sakpata, tí í ṣe ìlù àwọn òrìṣà, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ gìtá àti fèrè òyìnbó. Àwo tí wọ́n ṣe pọ̀ jọjọ.

Lẹ́yìn náà ni ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, onígìtá wọn tí wọ́n ń pè ní Papillon kú. Yehouessi Léopold, onílù wọn, náà kú. Ẹgbẹ́ náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lohento Eskill, akọrin wọn, kú ní ọdún 2006. Ní ọdún 2009 àwọn tó kù lọ ṣeré ní Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé àwo tuntun jáde ní ọdún 2011. Ní òpin ọdún 2012, Mélomé Clément fúnra rẹ̀ kú. Síbẹ̀, àwo mìíràn tún jáde ní ọdún 2016, orúkọ Poly-Rythmo ni ó wà lára rẹ̀. Vincent Ahéhéhinnou, tí ó ti bá wọn kọrin ní ìgbà àtijọ́, ni ó wà níwájú.

Àwọn kan ní: “Orí ti lọ, kí ni ara ń ṣe?” Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohùn ènìyàn kì í ṣe ẹ̀wù tí ẹlòmíràn lè gbé wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kà mọ́ ohun iyebíye gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ta ni ó kù láàyè nínú àwọn tó kọ́kọ́ jó o? Kò sí. Ikán ti jẹ ère àtijọ́, wọ́n ti gbẹ́ òmíràn, wọ́n ti kùn ún. Síbẹ̀, bí ó bá jáde, kò sí ẹni tí yóò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́ nìyí. Nítorí kí ni? Ẹ ti rí i pé àwọn ọmọdé ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde ní ọ̀sán, kí àgbà tó jáde. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ṣì ìlù, àgbà wà níbẹ̀ tí ó gbọ́ ìlù náà lẹ́nu bàbá tirẹ̀. Yóò bá a wí. Ní òru Ẹ̀fẹ̀ ńkọ́? Bí akọrin Ẹ̀fẹ̀ kan bá kú, ẹlòmíràn bọ́ síta pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Kì í sọ pé òun ni olóògbé.

Àwọn àgbà wa ní: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A máa ń sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà bí ẹni pé nǹkan kan náà ni. Lójú tèmi, nǹkan méjì ni. Eérú ti ara iná wá, ṣùgbọ́n kò lè se ọbẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti hù nídìí ìyá rẹ̀ kí ìyá tó kú. Ẹgbẹ́ olórin tí àwọn tuntun rẹ̀ ti jókòó ti àwọn àgbà, tí wọ́n ti bá wọn wí, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Èyí tí ẹnì kan kàn ra orúkọ rẹ̀, eérú ni.

Fela mọ èyí. Nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn olórin Africa 70 fi í sílẹ̀, ó kó àwọn mìíràn jọ, ó sì fún wọn ní orúkọ tuntun, Egypt 80. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1997, Ṣeun ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, bọ́ síwájú ẹgbẹ́ náà. Ọmọdé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń bá bàbá rẹ̀ gun orí ìtàgé. Lékan Animashaun, tí ó ti ń fọn fèrè pẹ̀lú Fela láti àwọn ọdún 1960, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ni ọmọ náà fi ń kọrin.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ pe olórin, ẹ má ṣe béèrè orúkọ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí ń bọ̀, àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sọ òtítọ́ fún yín kí ẹ tó san owó, wọn kò rẹ́ yín jẹ, ìbáà jẹ́ ọmọdé ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya àwòrán olóògbé sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà, bí ẹni pé òun ni ń bọ̀, olè ni, bí orin náà tilẹ̀ dùn. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n jà lólè. Òkú náà ní ọmọ, ní opó, òógùn rẹ̀ sì wà nínú orúkọ yẹn. Èmi kò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ wọn.