Orí Pípá àti Wíìgì: Níbo Ni Irọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀?

Nínú àwọn ìyọnu tí ó ń dé bá ọmọ ènìyàn, a rí àwọn kan tí gbogbo ayé fi ń báni kẹ́dùn, a sì rí àwọn mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ni ní ẹlẹ́yà. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá kán, àwọn ará àdúgbò a wá kí i. Bí irun orí rẹ̀ bá ń já bọ́, àwọn ará àdúgbò kan náà a máa rẹ́rìn-ín. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ru ẹrù yìí ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè pé: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí n ra wíìgì kí n fi bo orí mi? Bí mo bá dé e, ṣé irọ́ ni mo pa? Bí n kò bá sì dé e, ṣé ẹ̀sín ni n ó máa jẹ títí ọjọ́ ayé mi? Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé ó kan òtítọ́, ó kan ìtìjú, ó sì kan ìfẹ́ ọmọnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orí fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 100,000 ẹyọ irun ni ó wà lórí ènìyàn, bí 50 sí 100 nínú wọn ni ó sì ń já bọ́ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ara kò yá. Èyí tí ó bá já bọ́, òmíràn a hù dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn jogún orí pípá láti ìdílé baba tàbí ti ìyá rẹ̀, irun rẹ̀ a sì máa tán díẹ̀díẹ̀ láti iwájú tàbí láti àtàrí. Ibà líle a máa mú kí irun já bọ́ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ara ti yá. Abiyamọ a sì máa rí irú rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Irun àwọn wọ̀nyí sábà máa ń hù padà. Àwọn oògùn kan tí a fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ a máa kó gbogbo irun orí lọ. Irun tí a ń dì le koko láti ìgbà èwe a máa tu irun etí iwájú, bí ó bá sì pẹ́ jù, kì í hù mọ́. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí a lè sọ pé orí pípá ni ìyà rẹ̀. Òfin Mósè gan-an, nínú ìwé Léfítíkù orí kẹtàlá, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn àlùfáà bí wọn yóò ṣe mọ àrùn ẹ̀tẹ̀, dá apárí láre pé ẹni mímọ́ ni í ṣe. Bí òfin tí ó le tó bẹ́ẹ̀ kò bá lé apárí kúrò ní ibùdó, ta ni àwa tí a ó fi ẹ̀rín lé e?

Nísinsìnyí, àwọn tí ó lòdì sí wíìgì ní ẹ̀rí tí ó lágbára. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, méjì nínú àwọn baba ìjọ tí ó gbé ní ilẹ̀ Áfíríkà, Tertullian ará Carthage àti Clement tí ó ń kọ́ni ní Alẹkisáńdíríà, kọ̀wé lòdì sí irun àtọwọ́dá. Clement béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó gún ni ní ọkàn: bí àlùfáà bá gbé ọwọ́ lé obìnrin tí ó dé irun ẹlòmíràn, orí ta ni ó súre fún? Àwọn tí ó tẹ̀lé e a máa wí pé bí Ọlọ́run ti dá ni ni kí a jẹ́ kí aráyé rí wa. Wọn a sì fi òwe wa kún un pé, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ ti ìhà kejì. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń dé wíìgì tí a fi irun ènìyàn ṣe, wọ́n sì ń fi ìda oyin mú un dúró. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Louis Kẹtàlá, ọba ilẹ̀ Faransé tí a bí ní ọdún 1601, rí i pé irun òun ń tán nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dé wíìgì ní nǹkan bí ọdún 1624. Ohun tí ọba fi bo àbùkù di ọ̀ṣọ́ àwọn ìjòyè, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, débi pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wa níbẹ̀ pẹ̀lú dé e fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1795, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ gbé owó orí lé àtíkè tí a ń bù sí i. Ní ọdún 1822, Humphrey Ravenscroft ní Lọ́ńdọ̀nù gba àṣẹ ìjọba fún wíìgì irun ẹṣin tí kò fẹ́ àtíkè mọ́, irú èyí sì ni àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Nàìjíríà ń dé lọ sí ilé ẹjọ́ títí di òní. Kò sí ẹni tí ó pe adájọ́ ní òpùrọ́ nítorí irun funfun tí ó wà lórí rẹ̀.

Èé ṣe tí a kò fi pè é bẹ́ẹ̀? Nítorí pé gbogbo wa mọ ohun tí irun náà ń sọ. Ó ń wí pé, ẹni yìí ń ṣe iṣẹ́ òfin. Òtítọ́ sì ni. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí Aláàfin a máa fá apá kan orí, a sì dá apá kejì sí, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni ó ń jẹ́. Bí olè kan bá fá orí bẹ́ẹ̀ láti gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ ará oko, irọ́ ni orí rẹ̀ ń pa, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Nítorí náà, kí a tó dá ẹjọ́ wíìgì, ó yẹ kí a béèrè pé: kí ni ó ń sọ, ta ni ó sì ń sọ ọ́ fún?

Irun orí lásán kò ṣèlérí kankan fún ẹni tí ó pàdé mi lójú ọ̀nà. Kò yá mi lówó nítorí rẹ̀, kò sì fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ mi nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó fi eyín àtọwọ́dá rọ́pò eyín tí ó ká kì í dúró ní ẹnu ọ̀nà ọjà láti kéde rẹ̀, a kò sì kà á sí ẹlẹ́tàn. Ní ti ìbéèrè Clement, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí ìbùkún Ọlọ́run bá lè la gèlè àwọn ìyá wa kọjá, kò sí bí irun ẹlòmíràn yóò ṣe dí i lọ́nà.

Ǹjẹ́ níbo ni irọ́ ti wá bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ènìyàn mẹ́ta. Ẹni kìíní ni obìnrin olùkọ́ tí oògùn jẹjẹrẹ kó irun rẹ̀ lọ, tí ó sì dé wíìgì kí ó bàa lè dúró níwájú kíláàsì láìjẹ́ pé ọgbọ̀n ọmọ ń wo orí rẹ̀ dípò pátákó ìkọ̀wé. Kò gba nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni kejì ni ọkùnrin tí ó dé irun dúdú nítorí kí a lè kọ ọjọ́ orí èké sílẹ̀ fún un ní ibi iṣẹ́. Olè ìlàrí ni èyí. Ohun tí ó ń gbà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni kẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí orí rẹ̀ ti pá, tí ó ń fẹ́ ìyàwó, tí kò sì jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ̀ títí di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Ti ẹni yìí ni ó le jù, nítorí pé kò ní èrò ibi, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà tóbi: ó gba àyè tí ì bá fi wí pé, “Mo mọ̀ ọ́ bí o ti rí, mo sì fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà kò ní bínú nítorí orí tí ó pá, yóò máa béèrè nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni ó tún kù tí a fi pamọ́ fún mi?

Nítorí náà, mo wí pé irọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ní orí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a jẹ ní gbèsè òtítọ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a bá fi wíìgì dí i lójú.

Ewu kejì wà tí kì í ṣe irọ́ síbẹ̀ tí ó jọ ọ́, èyí ni oko ẹrú. Suetonius, òpìtàn Róòmù, kọ ọ́ pé nínú gbogbo oyè tí wọ́n fi dá Julius Caesar lọ́lá, èyí tí ó dùn mọ́ ọn jù ni ẹ̀tọ́ láti máa dé adé ewé nígbà gbogbo, nítorí pé ó ń bo orí rẹ̀ tí ó pá. Ọkùnrin tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gaul kò lè ṣẹ́gun ìtìjú àtàrí ara rẹ̀! Ẹni tí ó bá ń sá fún afẹ́fẹ́, tí ó ń sá fún òjò, tí kò lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré nítorí kí wíìgì má ṣí, kò dé wíìgì mọ́. Wíìgì ni ó dé e.

Ẹni tí ó bá ń rò ó lọ́wọ́, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ta ni mo ń fi èyí pamọ́ fún, ó ha ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bí? Èkejì: ǹjẹ́ mo lè ṣí i níwájú àwọn tí ó fẹ́ràn mi, kí n sì máa bá oúnjẹ mi lọ? Ẹ̀kẹta: owó tí n ó fi rà á, ṣé kì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi? Bí ọkàn rẹ̀ bá dá a láre nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó dé e ní àlàáfíà. Bí ó bá sì yàn láti fi orí rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó rìn láàárín ọjà bí ẹni tí ó ní orí. Orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e, bẹ́ẹ̀ ni kì í pá kí olórí má lè gbé e. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, kí ó sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí a tó kéde orúkọ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa tí irun wa ṣì pé. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni ó mọ ìtàn àwọn ọmọ Bétélì tí wọ́n pe Èlíṣà ní apárí, àti béárì méjì tí ó jáde láti inú igbó. A sábà máa ń fi ìtàn náà dẹ́rù ba àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà àwa àgbà a sì lọ máa pa irú àwàdà kan náà níbi àsè. Ẹni tí ó ń fi apárí ṣe ẹlẹ́yà ni ó ń lé e lọ sí ìsọ̀ oníwíìgì. Ìgbà tí ó bá dé e tán, ẹni náà ni yóò tún pè é ní ẹlẹ́tàn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ìnagijẹ tí ó kan ara ènìyàn gbilẹ̀ nínú kíláàsì yín, ìbáà ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, ìbáà sì ṣe ti olùkọ́. Irun tí ó bọ́ lórí lè tún hù, ọwọ́ sì lè ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ọkọ àti aya, tàbí láàárín olùkọ́ àti ọmọ, bí ó bá bọ́, ó ṣòro kí ó tó hù padà, kò sì sí wíìgì tí a lè fi bò ó.