ARA FU MÍ: KÍ NI ONÍGBÀGBỌ́ YÓÒ FI ÌFURA ṢE?

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27



Gbogbo wa ni a máa ń wí pé, "Ara fu mí." A kò rí nǹkan kan, a kò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ara ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Kì í ṣe ìran o, nítorí aríran rí nǹkan. Kì í ṣe ẹ̀rù náà. Ẹ̀rù a máa di ènìyàn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura a máa là á lójú. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe wí pé ìfura ni oògùn àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń wí pé, "Mo fura sí i." Bí ara bá fu mí, èmi ni kí n ṣọ́ra. Bí mo bá fura sí ọ, ìwọ ni mo sọ di ọ̀daràn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Ara fu ìyá kan nítorí ọmọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní àjẹ́. Ara sọ pé ewu ń bọ̀. Ara kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù. Ó wòye pé ẹrù àti ẹ̀mí yóò ṣòfò nínú ìrìn àjò náà, ó sì sọ ọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ni balógun ọ̀rún gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìjì dé, Pọ́ọ̀lù kò wá ẹni tí wọn yóò jù sómi. Ó gbàdúrà, ó gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n jẹun. Gbogbo wọn, ènìyàn 276, ni ó gúnlẹ̀ láàyè. Ẹ rí i pé ìfura kì í ṣe ìdájọ́ tí a kò lè yí padà.

Nítorí náà, bí ara bá fu ọ́ bí o ti ń ti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, tan àbẹ́là rẹ, gbàdúrà, kí o sì yẹ ìjánu ọkọ̀ wò. Má rin òru. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí orúkọ ẹnìkan bá ń bọ̀ sí ọ lẹ́nu, fi gbàdúrà fún onítọ̀hún. Ẹ̀yin wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìfura yín di ìran.

Kí Olúwa là wá lójú láti rí ewu, kí Ó sì pa wá lẹ́nu mọ́ kúrò nínú ẹ̀sùn èké. Àmín.