Ìwúre Kí Ìwé Ètò Tó Ṣí

Olódùmarè, ìwọ tó dá igi kí o tó dá ẹni tí yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀, a dé. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètìlẹ́yìn fún ọgbà Burgess Park ni wá, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nítòsí Peckham tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé. Ètò ọlọ́dún márùn-ún la fẹ́ ṣe. (Nílé, ẹni tó bá gbọ́ páàkì, agbèrò ló máa rò; níbí, koríko ni.) Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí tíì tutù díẹ̀. Ìwúre kì í kánjú.

Lọ́dún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, ni Forshaw àti Abercrombie, àwọn tó ṣètò ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti fi ọgbà yìí sínú ìwé ètò ìlú. Ilé àti ilé iṣẹ́ ló kún ibí nígbà náà. Wọ́n ń wó díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbin koríko díẹ̀díẹ̀. Abercrombie kú lọ́dún 1957. Ó di 1973 kí ọgbà tó gba orúkọ Jessie Burgess, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Máyọ̀ Camberwell. Ètò wọn dọ́wọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn wọn; kí ètò wa náà dọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá rí, kí ó kà á, kí ó yé e. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn kí koríko lè hù, kí a má gbàgbé wọn nígbà tí a bá ń kọ “ará àdúgbò” sínú ìwé.

Afárá kan ṣì wà nínú ọgbà, ọdún 1906 ni wọ́n kọ́ ọ sórí odò àfọwọ́gbẹ́ Grand Surrey Canal. Wọ́n ti dí odò náà pa, afárá kò kúrò. Koríko lápá ọ̀tún, koríko lápá òsì. Ọmọdé á sá gùn ún, á sá sọ̀ kalẹ̀, kò sọdá nǹkan kan. Ẹlẹ́dàá, má jẹ́ kí ìwé wa dà bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe iṣẹ́ ọnà sórí odò tó ti lọ. (Mo fẹ́ràn afárá náà o, ẹ má wó o.)

Igi kékeré tí kò bá rí omi mu ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, inú fọ́tò nìkan ni yóò ti dàgbà. Kí ẹni tó fún wa lówó igi rántí owó omi. Owó tí wọ́n bá so mọ́ iṣẹ́ kan, kí ọwọ́ wa má fi ṣe òmíràn. Kí àpò ìpamọ́ wa má gbófo lọ́jọ́ tí ìrànlọ́wọ́ bá já. Kí ohun tí a kọ má ju ohun tí apá wa ká lọ.

Tẹ́lẹ̀ rí, nígbà ooru, èéfín ẹran yíyan máa ń gba ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń sáré máa ń bo imú nígbà náà, ẹni tó ń yan ẹran a sì máa wò ó bí ẹni tí kò mọ adùn. Kí àwọn méjèèjì bá ara wọn nínú ìwé wa.

Ẹja inú adágún kì í wá ibùsùn tì. Kí ẹgbẹ́ yìí má wá olùrànlọ́wọ́ tì. Koríko tí a gé lónìí kì í bínú kó má hù mọ́. Kí agbára àwọn tó ń fara wọn ṣiṣẹ́ láìgbowó tún hù. Kí ìṣirò Ìyá Akápò má ṣì.

Àṣẹ.

Bàbá Alága, ó yá, ẹ ṣí ìwé.