Ìwé Àlàyé Tí Kò Ní Onídùúró

API ni ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fi sílẹ̀ kí ètò mìíràn lè gba ibẹ̀ wá béèrè ohun tó fẹ́, láì dé ìyàrá inú lọ́hùn-ún níbi tí iṣẹ́ gan-an ti ń lọ. Nítorí pé àlejò kò rí inú ilé, wọ́n máa ń kọ ìwé àlàyé fún un, èyí tó ń sọ irú ìbéèrè tí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbà, èsì tó yẹ kí ó retí, àti ohun tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ ti ń lọ́wọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 2000 tó dé ni Javadoc, tó jẹ́ ohun èlò èdè Java, ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ kóòdù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù náà jọ, tó sì ń tò ó di ojú ìwé. Ohun tí AI, tí àwọn kan ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, yí padà ni pé a lè fún un ní kóòdù lásán, kí òun fúnra rẹ̀ sì hun àlàyé jáde kí á tó ṣẹ́jú. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ kì í ṣe ti iyára mọ́: irú ìmọ̀ wo ló wà nínú gbólóhùn tí kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde?

Wọ́n ti fi èdè Yorùbá yẹ irú ìbéèrè yìí wò rí. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. O. Sodipo tẹ ìwé Knowledge, Belief, and Witchcraft jáde, nínú èyí tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ méjì, mọ̀ àti gbàgbọ́, lọ síwájú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Àbájáde wọn ni pé ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ohun yòówù tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, títí kan èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà nínú ìwé, a kàn gbà á bí a ṣe gbọ́ ọ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n, ẹni tó ń ka ìwé àlàyé API kò tíì mọ̀, ó gbàgbọ́ ni, àfi ìgbà tó bá dán an wò tó sì fojú rí i. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ibi tó fẹ̀yìn tì, nítorí pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ìwé náà tó mọ̀. Bí AI bá rọ́pò ẹni yẹn, ìgbàgbọ́ ti gun orí ìgbàgbọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé AI ka kóòdù náà láti òkè dé ilẹ̀, pé ó tilẹ̀ ń fara balẹ̀ kà á ju ènìyàn tí oorun ń kùn lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí àlejò gbọ́ ló wà nínú kóòdù. Àwọn kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Paystack ní Nàìjíríà, máa ń fẹ́ kí a kọ iye owó ní kọ́bọ̀, ìwé àlàyé wọn sì sọ bẹ́ẹ̀. Nínú kóòdù irú ètò bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú máa rí lè má ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, amount, pẹ̀lú àmì pé odindi nọ́ńbà ni. Bí AI bá wo ọ̀rọ̀ yìí tó sì kọ ọ́ pé iye owó ní náírà ni, gbólóhùn náà á gún régé, kò ní sí àléébù kankan lára gírámà rẹ̀, oníṣòwò tó bá sì tẹ̀ lé e, tó kọ 5000 fún ọjà ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, àádọ́ta náírà ni yóò rí gbà.

Èyí tó tún ṣòro jù ni ìgbà tí AI bá sọ òtítọ́. Ká ní àwọn tó kọ ètò kan fẹ́ kí ó máa kó gbogbo ìsanwó oníbàárà jáde, ṣùgbọ́n tí àṣìṣe kan nínú kóòdù ń mú un dúró lórí ọgọ́rùn-ún, AI á kọ ọ́ pé ọgọ́rùn-ún ìsanwó tó kẹ́yìn ni ètò náà ń kó jáde, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, àṣìṣe ti di àdéhùn: àwọn àlejò á kọ́ ilé tiwọn lé e lórí, ọjọ́ tí wọ́n bá sì tún kóòdù náà ṣe ni ilé ọ̀hún á wó. David Hume, ará Scotland, ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1740 pé àwọn òǹkọ̀wé máa ń fò láti orí ohun tó wà bọ́ sórí ohun tó yẹ kó wà láì sọ ìdí. Ohun tó wà ni kóòdù ń sọ. Ìwé àlàyé, bó tilẹ̀ jọ ìròyìn lójú, ìlérí ni, ó ń sọ ohun tí onílé fọwọ́ sí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Kò yẹ kí a torí èyí lé ẹ̀rọ jáde. Ìyà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ kóòdù ka àlàyé kíkọ sí, ojú ìwé tó ṣófo kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí AI bá kọ́kọ́ kọ ọ́, kí ẹni tó mọ inú ilé yẹ̀ ẹ́ wò gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó sì gbà pé òun lòun sọ ọ́. Ohun tí kò ṣeé yọ kúrò ni onídùúró, ìyẹn ẹni tí olówó máa dì mú bí ajigbèsè bá sá lọ, kò sì sẹ́ni tó lè di ẹ̀rọ mú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ìgbẹ́jọ́ kan ní British Columbia, ní ilẹ̀ Kánádà, dá ẹjọ́ èrò ọkọ̀ òfurufú kan tí ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìkànnì Air Canada ṣì lọ́nà nípa ẹ̀dínwó fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn pé òun kọ́ ló yẹ kó dáhùn fún ohun tí ẹ̀rọ náà sọ. Ilé ìgbẹ́jọ́ kò gbà; wọ́n ní kí Air Canada san dọ́là Kánádà 812.