Lẹ́yìn Ìsìnkú, Níbo Ni Yóò Máa Sùn?



Bí àgbàlagbà kan bá di ẹrù rẹ̀ wá sí ọgbà ìjọ pé òun kò níbi tí òun lè sùn, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: "Àwọn ẹbí yín dà?" Ìbéèrè náà kò burú. Pọ́ọ̀lù pàápàá kọ́ wa nínú Tímótì Kìíní, orí 5, pé kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ opó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún bi í pé: "Ta ni ẹ ti ń tọ́jú kí ẹ tó dé ibí?"

Nítorí ìtọ́jú òbí lè gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ wo bó ti ń rí. Ìyá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ní Kétu. Àwọn ọmọ ní kí ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ọkọ rẹ̀ ti kú, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ní Kútọ́nu kó wá jókòó ti ìyá. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń gbé e dìde, fún ọdún 10. Àwọn oníbàárà ti lọ, ẹlòmíràn ti gba ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá kú, a sin ín, ẹbí ta ilé. Lóòótọ́, òfin ẹbí tí Benin ṣe ní 2004 fún ọmọbìnrin ní ìpín kan náà bíi ti ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá pín owó ilé kékeré sí ọ̀nà 6, ìpín kan kò tó kọ́ yàrá. Àwọn yòókù padà sílé wọn. Òun nìkan ni kò nílé tí yóò padà sí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ìlú Oakland ní Amẹ́ríkà, Dókítà Margot Kushel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2013 lórí 350 aláìnílé tó ti pé ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọdún 50 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di aláìnílé. Lọ́hùn-ún náà, àwọn kan ń gbé lọ́dọ̀ òbí tí wọ́n ń tọ́jú. Òbí kú, ilé bọ́. Nítorí náà, ká má yára pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ká má sì sọ pé èpè ló ń jà wọ́n.

Àwọn kan á ní: "Ṣebí ọ̀fẹ́ ló ń gbé, ọ̀fẹ́ ló ń jẹ?" Ará, ẹni tó ń jí lóru fọ aṣọ ìtọ̀ ìyá yín kì í ṣe àlejò. Iṣẹ́ gbogbo yín ló ń ṣe.

Olúwa wa sọ pé òun kò ní ilé tí òun lè sùn sí (Lúùkù 9). Síbẹ̀ lórí àgbélébùú, ó fa ìyá rẹ̀ lé Jòhánù lọ́wọ́, Jòhánù sì mú un lọ sílé (Jòhánù 19). Ẹni tí kò nílé ló ro ti ìyá. Ẹni tó nílé ló ṣílẹ̀kùn.

Nítorí náà, kí ìyá tó kú, kí àwọn ọmọ pé jọ níwájú àwọn àgbà, kí wọ́n kọ yàrá tí olùtọ́jú yóò máa gbé sílẹ̀. Jésù bá àwọn tó fi ọrẹ Ọlọ́run ṣe àwáwí láti má tọ́jú òbí wí (Máàkù 7). Bí a bá dáwó ìkórè rẹpẹtẹ, tí àbúrò wa ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé, aṣọ funfun wa kò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì wà lọ́gbà ìjọ, tí òun náà ṣì ń tọ́jú ọmọ-ọmọ, ká gba àwọn méjèèjì, ká má ṣe yà wọ́n.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó fún un lọ́mú, tí òun náà ti wá darúgbó ńkọ́?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn Jòhánù. Àmín.