Ìsinmi Ọkàn Lójú Ewu



Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ yìí, wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan nínú ìjọ wa bi mí pé, “Baba Akọ̀wé, kí ló dé tí ẹ fi ń ti géètì nígbà ìsìn? Ṣé Ọlọ́run ò tó ṣọ́ wa mọ́ ni?”

Èsì mi rèé: Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan olùṣọ́. Ṣùgbọ́n géètì kò lè fi ọkàn balẹ̀. Ọta ìbọn gba ẹ̀mí lọ́wọ́ àwọn ará wọ̀nyẹn. Kò gbà wọ́n lọ́wọ́ Jésù. Ibẹ̀ ni ìsinmi wa wà.

Olúwa yóò tu àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Àmín.