Àánú Tí Kì Í Fetí Sílẹ̀

Ǹjẹ́ gbogbo àánú ni ó dára?

Ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpótì-Èkìtì nítòsí wa, ní 1997. Láti ìgbà náà, àga onítáyà ni ó fi ń rìn. Ní 1998, ó fi orin sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú àwo “Bitter Experience”. Ẹni tí à bá máa sunkún lé lórí, orin rẹ̀ ni a ń jó sí lóde ìnáwó.

Nígbà tí a ń ṣe olùkọ́, a kì í bi ọmọ tó yarọ ní ìbéèrè ní kíláàsì. Àánú ni a pè é. Àṣé a ń di ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ni!

Nítorí náà, bí a bá gbé oúnjẹ lọ fún aláàbọ̀ ara, ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀.